Ìkòkò Tí Yóò Jẹ Ata

Ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọpọlọ. Kò sí ibi tí mo lè dé, ì báà jẹ́ ibi ìsọmọlórúkọ tàbí ibi ìyàwó, kí wọ́n gbọ́ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kí ẹnì kan má bi mí ní ìbéèrè kan náà: 'Ṣé kì í ràn yín ni?' Àwọn mìíràn a máa fi ẹ̀rín bò ó, wọn a ní wèrè ni a fi ń wo wèrè. Àwọn mìíràn a sún àga wọn sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni pé mo kó nǹkan kan wá nínú àpamọ́wọ́ mi. Èsì mi kì í yí padà. Mo máa ń ní, 'Rárá, kì í ran ènìyàn.' Òtítọ́ sì ni. Àrùn ọpọlọ kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ẹnì kan ń kó láti ara ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n bí mo bá délé, tí mo bọ́ bàtà, tí mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń mọ̀ pé n kò tíì dáhùn ìbéèrè náà tán. Nǹkan kan wà tí ó máa ń bá wa délé láti ibẹ̀. Òun ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ.

Ẹ má ṣe rò pé lílù ni mò ń wí. Òótọ́ ni pé aláìsàn a máa lu nọ́ọ̀sì nígbà mìíràn. Wọ́n ti fọ́ mi létí rí, wọ́n ti fa ìborí mi ya, ọ̀kan sì gé mi jẹ ní apá ní ọdún 1999. Ojú àpá náà wà níbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lù mí nígbà tí ara rẹ̀ kò yá kì í ṣe ọ̀tá mi. Bí oògùn bá ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òun náà ni yóò máa bá mi ká aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, tí yóò máa wí pé, 'Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o.' Ọgbẹ́ irú èyí ń jinná.

Èyí tí kì í tètè jinná ni àwọn nǹkan kéékèèké tí kò ní ẹ̀jẹ̀. Kí ènìyàn jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ayé ti sú, kí a má gbé ojú kúrò lára rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀, àní bí ó bá fẹ́ tọ̀, kí a tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. Kí a ka ṣíbí lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó dín ẹyọ kan, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kà. Kí ìyá arúgbó mú ọmọ rẹ̀ wá ní ìgbà karùn-ún, kí ó wo ojú ẹni, kí ó ní, 'Ọmọ mi, sọ fún mi, ṣé yóò tún dà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀?' Kí àwọn ẹbí mú ènìyàn wá sí ẹnu géètì, kí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù sílẹ̀, kí a pe nọ́ńbà náà lẹ́yìn oṣù méjì tí ara rẹ̀ ti yá tán, kí a gbọ́ pé kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Àwa ni a óò sọ fún un. Àwa náà ni yóò máa bi léèrè ní àràárọ̀ bóyá wọ́n ti dé. Ìró kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ mi ni ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé mo máa ń lọ fi ọwọ́ kan ìlẹ̀kùn ilé wa ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó sùn, èmi kò mọ̀ pé mò ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti sọ nǹkan yìí lórúkọ. Ní ọdún 1974, onímọ̀ nípa ọkàn kan tí ń jẹ́ Herbert Freudenberger kọ̀wé nípa àwọn tí wọ́n ń yọ̀ǹda ara wọn ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ kan ní New York. Ó rí i pé àwọn tí ìtara wọn pọ̀ jù lọ ni agara tètè ń dá. Burnout ni ó pè é ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí èmi bá fẹ́ sọ ọ́ ní tiwa, n óò ní kí ẹ wo àtùpà tí epo inú rẹ̀ ti gbẹ, tí iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó òwú fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1981, àwọn obìnrin méjì kan ní Amẹ́ríkà, Christina Maslach àti Susan Jackson, to àwọn ìbéèrè jọ tí a fi lè wọn bí ó ti pọ̀ tó lára òṣìṣẹ́. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wá: kí ó rẹ ọkàn ènìyàn débi pé kò ní nǹkan kan mọ́ tí yóò fún ẹlòmíràn, kí ojú ẹni bẹ̀rẹ̀ sí í wo aláìsàn bí ẹni ń wo ẹrù, kí ó sì máa dà bí ẹni pé gbogbo iṣẹ́ tí a ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí, asán ni. Nígbà tí ó di ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sínú ìwé ńlá tí wọ́n fi ń to àwọn àìsàn lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ṣọ́ ẹnu wọn. Wọ́n ní kì í ṣe àrùn. Wọ́n ní ohun tí ó jẹ mọ́ ibi iṣẹ́ ni, tí ń wá láti inú wàhálà iṣẹ́ tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ tí a kò sì bójú tó bí ó ti yẹ. Ẹ bá mi di gbólóhùn yẹn mú: ibi iṣẹ́.

Mo ní kí ẹ dì í mú nítorí pé ní ọ̀dọ̀ wa, ara òṣìṣẹ́ ni a ti ń wá a. Bí nọ́ọ̀sì bá ráhùn, ohun tí yóò kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò gbóná. Mo ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu ọ̀gá, mo gbọ́ ọ lẹ́nu akọ̀wé tí ń san owó oṣù, mo tilẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ń ṣọ́ géètì. N kò bá òwe jà. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń se ọbẹ̀, n kò sì tíì rí ẹni tí ó gbé ìkòkò kaná tí kò ní í lọ́kàn láti sọ ọ́ kalẹ̀. Bí a bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ọbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jóná. Lẹ́yìn náà ni ìkòkò yóò là.

Obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, n kò sì ní dárúkọ òun náà. Àǹtí Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti lo ọdún mẹ́rìnlá lẹ́nu iṣẹ́. Ó ga, ó dúdú, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Bí aláìsàn kan bá gbaná jẹ tí ọkùnrin mẹ́rin kò lè mú un, Àǹtí Àgbà ni a óò ránṣẹ́ sí. Yóò dúró sí ọ̀ọ́kán rẹ̀, kò ní fi ọwọ́ kàn án. Bí ó bá ti mọ ìlú tí onítọ̀hún ti wá, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní oríkì ìlú rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyá tí ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọwọ́ aláìsàn náà yóò ti wálẹ̀ kí àwa tó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ tán. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti kọ́ ọ ní ìyẹn.

Ní ọdún 2004, aláìsàn kan ju àpótí ìjókòó lù ú, eyín iwájú rẹ̀ kan sì kán. Àǹtí Àgbà lọ yọ ẹnu, ó padà wá, ó sì pín oògùn alẹ́ ọjọ́ náà. Ní ìparí ọdún yẹn, wọ́n pè é síwájú gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí pé òun ni ó ní ìfaradà jù lọ, wọ́n sì fi agogo ara ògiri kan lé e. A pàtẹ́wọ́ títí. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè bóyá ó ń rí oorun sùn. Nọ́ọ̀sì kejì tí wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn yóò fi kún wọ́ọ̀dù náà lóru, wọn kò fi kún un.

Bí ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Ó máa ń dé ní bí wákàtí kan ṣáájú àsìkò, yóò sì jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, kò ní sọ̀kalẹ̀ títí di ìgbà tí aago bá lù. Oríkì dá lẹ́nu rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì pe àwọn aláìsàn: 'Ẹ fún Bẹ́ẹ̀dì Keje ní oògùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì Kọkànlá ti tún bẹ̀rẹ̀.' Ẹni tí ó mọ oríkì ìlú kọ̀ọ̀kan ni o! Ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ fún mi nígbà tí ó yá pé nílé, ìyá àwọn lè wà láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé láìsọ ju 'ẹ wá jẹun' lọ. Kò ṣubú lulẹ̀, kò ké, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ní ọdún 2007, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, nígbà tí ó ku ọdún mẹ́wàá tí ì bá fẹ̀yìn tì, ó sì lọ ń ta aṣọ. Mo lọ kí i ní ìsọ̀ rẹ̀. A sọ̀rọ̀ àdìrẹ àti àǹkárá títí, kí ó tó wá sọ pé, 'Àbúrò mi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún mi ní agogo yẹn ni n kò ti lè sọ ọ́ mọ́.'

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí, n kò sì rò ó tán. Ẹni tí gbogbo ènìyàn ti pàtẹ́wọ́ fún pé kì í rẹ̀, ta ni yóò wá sọ fún pé ó ti rẹ òun?

Nípa nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì, n kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti ṣèwádìí rẹ̀ rí àfi ìgbà tí mo ka iṣẹ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Isabel Menzies. Ilé ìwòsàn ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti ṣe ìwádìí náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1960. Ilé ìwòsàn gbogboogbò ni, kì í ṣe ti ọpọlọ, ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ń sá lọ. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni kì í parí ẹ̀kọ́. Menzies rí i pé wọ́n máa ń pe aláìsàn ní orúkọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tàbí orúkọ ibi tí ń dùn ún, pé 'ẹ̀dọ̀ tí ó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹwàá'. Ó tún rí i pé kì í ṣe ìwà àwọn ọmọ náà ni. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni ó to iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: kí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ṣe díẹ̀díẹ̀ fún ènìyàn púpọ̀, kí a máa gbé e láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù, kí ó má baà mọ ẹnikẹ́ni débi pé ìrora onítọ̀hún yóò wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n rò pé ààbò ni. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kò lọ, ayọ̀ tí ń bẹ nínú iṣẹ́ ni ó lọ. Nígbà tí mo kà á tán, Àǹtí Àgbà ni ó wá sí mi lọ́kàn. Ọkàn rẹ̀ kò le. Ògiri ni ó mọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó bá a kọ́ òrùlé.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pe àwa òṣìṣẹ́ jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan lórí ìfaradà ọkàn. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń mí kanlẹ̀, wọ́n ní kí a máa jẹ èso, kí a máa rìn kiri ní ìrọ̀lẹ́. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ṣì ń mí bẹ́ẹ̀ títí di òní bí ọkàn mi bá ń lù kìkì. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wá ní kí a rí i dájú pé a ń sun oorun wákàtí méje lóòjọ́, àwa méjì tí a jókòó sẹ́yìn sì wo ara wa, nítorí pé láti ẹnu iṣẹ́ òru ni wọ́n ti kó wa wá sí gbọ̀ngàn náà. Wọ́n fún wa ní bisikí-ìtì àti ìwé ẹ̀rí. Ó dára kí a kọ́ alárù bí yóò ṣe mú ọrùn dúró. Ẹrù tí ń bẹ lórí rẹ̀ ńkọ́?

Àwọn kan ti wà ní ilẹ̀ wa tí wọ́n ronú kan ẹrù náà. Àwọn òyìnbó ni wọ́n kọ́kọ́ dá ilé àwọn alárùn ọpọlọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Kàlàbá ní ọdún 1904 àti ní Yábàá ní ọdún 1907. Ibi ìtìmọ́lé ni wọ́n ju ibi ìwòsàn lọ, iṣẹ́ àwọn tí wọ́n gbà síbẹ̀ kò sì ju kí wọ́n máa ṣọ́ ènìyàn. Ti Lántòrò ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1944. Ní ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kàwé ní Birmingham àti Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní Àró, nígbà tí wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà parí. Dípò kí ó ti aláìsàn mọ́lé, ó ní kí ó wá pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ kan ó kéré tán, kí àwọn méjèèjì gba yàrá ní àwọn abúlé tí ó yí Àró ká. Ní àárọ̀, aláìsàn yóò wá gba ìtọ́jú. Bí ó bá di ọ̀sán, yóò padà sí abúlé, ẹbí rẹ̀ yóò se oúnjẹ fún un, àwọn ará abúlé yóò máa kí i. Ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí ó di ọdún 1961, àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà àti lókè òkun péjọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì wá fi ojú ara wọn rí i.

Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń yìn nínú ètò náà ni oore tí ó ṣe fún aláìsàn. Èmi nọ́ọ̀sì, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ó pín ẹrù. Ìyá aláìsàn wà níbẹ̀. Onílé wà níbẹ̀. Kò sí nọ́ọ̀sì tí yóò máa pe nọ́ńbà fóònù tí kò lọ, nítorí ẹni tí à bá pè wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọ aṣọ. Bóyá Lámbò ro ti àwa nọ́ọ̀sì nígbà tí ó ń ṣe é tàbí kò rò ó, àǹfààní rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí fún oṣù mẹ́ta kí ó wá gba yàrá ní abúlé? Ẹlòmíràn a fẹ́ ṣe é, ọ̀gá rẹ̀ kò ní gbà. Nítorí náà, ẹrù tí a ti pín tẹ́lẹ̀ tún padà sórí àwọn díẹ̀, àwọn díẹ̀ náà sì ń dín kù. Iye àwọn dókítà ọpọlọ tí a máa ń gbọ́ ní Nàìjíríà kò tó 300, fún èèyàn tí ó ju igba mílíọ̀nù lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ń lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ tí ń rí sí iṣẹ́ wa kéde pé ó di ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì nílé kí àwọn tó fi ọwọ́ sí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun. Àwọn ọmọ wa jáde, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn. Irú òfin bẹ́ẹ̀ lè di ènìyàn lẹ́sẹ̀ mú.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí, ní ilé ìwòsàn ọpọlọ kan. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó máa ń sọ fún mi pé níbẹ̀, wọ́n ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù tí òun àti nọ́ọ̀sì àgbà kan yóò jókòó, kì í ṣe láti bá òun wí, láti gbọ́ bí iṣẹ́ ti rí lára òun ni. Wọ́n tún ní ìpàdé kan tí wọ́n fi sọ orí agbẹjọ́rò kan ní Boston, Kenneth Schwartz, tí àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa ní ọdún 1995. Kí ó tó kú, ó kọ̀wé nípa bí inú rere àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ṣe mú kí ìrora rẹ̀ ṣeé fara dà, ó sì fẹ́ kí a tọ́jú àwọn tí ń ṣe irú inú rere bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìpàdé náà ní ọdún 2009: dókítà, nọ́ọ̀sì, agbálẹ̀, gbogbo wọn á jókòó, wọn á sọ bí iṣẹ́ ti ṣe ọkàn wọn, kò sí ẹni tí yóò dá wọn lẹ́jọ́. Ọ̀rẹ́ mi kò sọ pé ibẹ̀ ni ọ̀run. Ó ní òṣìṣẹ́ kò tó níbẹ̀ náà, wọ́n sì ti lu òun lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi náà ti rí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sí agbẹjọ́rò kankan nínú rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn kejì tí mo lọ, Mátírọ́ọ̀nù kan wà níbẹ̀, obìnrin kúkúrú tí ń sọ̀rọ̀ kíákíá. Mọ̀mí ni a ń pè é. Kò gba kí ẹnikẹ́ni pe aláìsàn ní nọ́ńbà. Bí aláìsàn bá lu ẹnì kan nínú wa, onítọ̀hún kò ní padà sí wọ́ọ̀dù títí yóò fi mu tíì. Mọ̀mí ni yóò po ó, yóò da mílíìkì sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, yóò sì jókòó tì í. Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wàá sọ̀rọ̀. Bí o kò bá fẹ́ sọ ọ́, yóò máa bá ọ sọ̀rọ̀ owó ata. Mo wá kà á nígbà tí ó yá pé àwọn olùṣèwádìí ti rí i pé kí a fi dandan mú ẹni tí jàǹbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí láti tú gbogbo rẹ̀ sọ kò ràn án lọ́wọ́. Mọ̀mí kò ka ìwádìí kankan. Nígbà tí a bá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n sùn síbẹ̀, kí a tó mẹ́nu kan aláìsàn, yóò kọ́kọ́ béèrè pé, 'Ta ni ó gbé nǹkan lọ sílé lánàá?' Ìgbà mìíràn, ẹnikẹ́ni kò ní sọ nǹkan kan. Ìgbà mìíràn, ọkùnrin tí ó tóbi jù nínú wa ni yóò sunkún. Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ aláìsàn tí ó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ kò ní ju wákàtí méjì lọ kí ẹlòmíràn tó gbà á. Èyí kò ṣeé ṣe bí a kò bá pọ̀ tó, nítorí náà ni Mọ̀mí fi gbé ìwé ètò iṣẹ́ lọ sí ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ ní ọjọ́ kan, ó jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí tí wọ́n fi kírun Àsàrì, títí tí wọ́n fi fún un ní nọ́ọ̀sì kẹta fún òru.

Ní ọdún 2018, ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ ti yá gba ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ lọ sílé. Dókítà fi ọwọ́ sí i, ìyàwó rẹ̀ wá mú un, ọmọ nọ́ọ̀sì kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ni ó bá a di ẹrù, tí ó sì sìn ín dé géètì. Kò padà wá. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní òru ọjọ́ Àìkú. Kò sí ohun tí ó ń wọ ọ̀kan nínú wa lára tó èyí. Ọmọ náà jókòó sí yàrá ìpàtíì wa, ó ń sọ gbólóhùn kan ṣoṣo ní àsọtúnsọ: 'Kí ni mi ò rí? Mọ̀mí, kí ni mi ò rí?' Mọ̀mí po tíì, ọmọ náà kò mu ún. Ó wá sọ fún un pé, 'Gbogbo wa ni a wò ó. Dókítà wò ó, èmi wò ó, ìyàwó tí wọ́n jọ sùn wò ó. Bí ojú kan bá wà tí kò rí i, ojú gbogbo wa ni.' Ní ọjọ́ kẹta, ó mú ọmọ náà lẹ́yìn, wọ́n jọ lọ kí opó náà. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀. Fún oṣù kan gbáko, Mọ̀mí yọ orúkọ ọmọ náà kúrò nínú iṣẹ́ òru, ó sì fi tirẹ̀ dípò, obìnrin tí ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ọmọ náà kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lónìí, kò sí ẹni tí mo lè fi wé e nínú mímú ọkàn aláìsàn balẹ̀.

Mọ̀mí fẹ̀yìn tì ní ọdún 2021, èmi ni mo sì wà ní ipò rẹ̀ báyìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fi ọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, ó sì tó bẹ́ẹ̀, nítorí òfin tí a ń lò tẹ́lẹ̀, ọdún 1916 ni gbòǹgbò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní ayé àwọn òyìnbó. Òfin tuntun náà sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ẹ̀tọ́ aláìsàn. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì mẹ́ta tí Mọ̀mí gbà fún òru ti di méjì, ẹni tí ó lọ sí Kánádà kò ní arọ́pò.

Ní oṣù tí ó kọjá, ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi. Ó kúnlẹ̀, ó na ìwé kan sí mi ní ọwọ́ méjèèjì. Fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, wọ́n fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ jẹ́rìí sí iṣẹ́ àti ìwà rẹ̀. 'Mọ̀mí, ẹ má bínú sí mi.' Mo ní kí ó dìde. Mo bi í pé ṣé iṣẹ́ ni ó sú u. Ó ní rárá, ó ní òun fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ẹ̀rù ń ba òun ni pé bí òun bá dúró, òun yóò di irú ẹni tí kò ní fẹ́ràn rẹ̀ mọ́. N kò sọ ti ìkòkò àti ata fún un. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé n kò tíì bá nọ́ọ̀sì tí ó sàn jù ú lọ ṣiṣẹ́, mo sì fi ọwọ́ sí i.

Nígbà tí ó jáde, mo kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ wa. Mo kọ ọ́ pé n kò ní fi nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo sílẹ̀ lóru pẹ̀lú aláìsàn méjìdínlọ́gbọ̀n. Bí wọn kò bá lè fún mi ní ẹnì kejì àti ẹnì kẹta, kí wọ́n jẹ́ kí n ti bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá pa títí wọn yóò fi rí i. Mo so ìwé ètò iṣẹ́ ayé Mọ̀mí mọ́ ọn kí wọ́n lè rí i pé a ti ṣe é rí. Lẹ́tà náà pé ọjọ́ mọ́kànlá lónìí, wọn kò tíì fèsì. Ní alẹ́ yìí, orúkọ ti ara mi ni mo fi dí àlàfo tí ó wà nínú ìwé ètò iṣẹ́. Ọmọdékùnrin tí a óò jọ ṣe é ti ránṣẹ́ sí mi pé òun ti ra mílíìkì.